Ṣé lóòótọ́ ni pé ẹni tó bá ní Ẹ̀mí Mímọ́ ò nílò olùkọ́ mọ́?

Ọ̀rọ̀ yìí ti wá sú mi pátápátá. Ní Abẹ́òkúta níbí, bóyá Aṣẹ́rò lẹ wà ni o àbí Ìbarà, ẹ ṣáà ti máa bá onígbàgbọ́ kan jiyàn lórí Bíbélì, tó bá ti rí i pé ọ̀rọ̀ fẹ́ bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́ báyìí, á kàn fa 1 Jòhánù 2:27 yọ, pé ìfòróróyàn, ìyẹn Ẹ̀mí Mímọ́, ń gbé inú òun, òun ò nílò kẹ́nikẹ́ni kọ́ òun. Ó ti parí nìyẹn. Kí lẹ tún fẹ́ sọ?

Mi ò ní pẹ́ lórí Àpólò tí Pírísílà àti Ákúílà mú sọ́dọ̀ láti la ọ̀nà Ọlọ́run yé e dáadáa, àbí ìwẹ̀fà ará Etiópíà tó ní báwo ló ṣe máa yé òun láìsí ẹni tó máa tọ́ òun sọ́nà. Ẹnikẹ́ni tó bá ti dé sọ́ńdè sukúù rí ló mọ̀ wọ́n.

Èyí tó ń bí mi nínú ni ẹsẹ 26. Kì í ṣe ibi tó jìnnà o, ẹsẹ tó ṣáájú èyí tí wọ́n ń kà gan-an ni, àmọ́ wọn kì í kà á. Jòhánù ní torí àwọn tó fẹ́ tàn wọ́n jẹ lòun ṣe ń kọ̀wé. Àwọn wo nìyẹn? Ẹ padà sókè díẹ̀: ẹsẹ 19, wọ́n ti jáde kúrò láàárín ìjọ, ẹsẹ 22, wọ́n ń sọ pé Jésù kọ́ ni Kírísítì. Ẹ̀kọ́ tuntun táwọn yẹn gbé dé ni bàbá Jòhánù ń sọ pé àwọn tóun ń kọ̀wé sí ò nílò. Ẹsẹ 24 tiẹ̀ ní kí ohun tí wọ́n gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ máa gbé inú wọn. Gbọ́ o! Ẹnu ta ni wọ́n ti gbọ́ ọ? Ẹnu èèyàn náà ni. Àti pé bàbá tí wọ́n ló sọ pé kò sẹ́ni tó nílò olùkọ́ yìí, lẹ́tà orí 5 ló fi ń kọ́ wọn.

Nílùú wa yìí kan náà ni Àjàyí Crowther ti pàdé Àfàlá ìyá ẹ̀ lọ́dún 1846, nǹkan bí ọdún 25 lẹ́yìn tí wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn. Ní 1848, ọmọ yẹn ló ṣe ìrìbọmi fún ìyá tó bí i, ó di Hannah. Ìyá ò sọ pé ọmọ àná lèyí, kò lè kọ́ òun.

Ẹ wá wo ti ìsinsìnyí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì kan tí mi ò ní dárúkọ, àgùnbánirọ̀ ló ń kọ́ kíláàsì àwọn àgbà, ó ní kí wọ́n ṣí Róòmù 14, ni bàbá kan bá pa Bíbélì dé, ó fa síìpù ẹ̀ wàràwàrà, ó káwọ́ gbera, ó ń wo fáànù títí ọmọ ọlọ́mọ fi ṣe tán. Wọ́n bi í, ó ní Ẹ̀mí ti kọ́ òun níbẹ̀ yẹn tipẹ́. Ó dáa náà. Ẹ̀mí ò tún ní nǹkan kan sọ lórí ẹ̀ mọ́ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n mi ò lè sọ pé ìgbéraga ni gbogbo ẹ̀ o. Pásítọ̀ ti fi ẹ̀kọ́ jẹ àwọn kan lówó débi pé ẹsẹ yẹn nìkan ló kù tí wọ́n lè sá pamọ́ sí, mi ò dá wọn lẹ́bi. Àwọn ará Béríà náà yẹ ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù wò nínú Ìwé Mímọ́ lójoojúmọ́, ìyìn ni wọ́n gbà. Bóyá ibi tó kù sí ni pé tí wọ́n bá fi hàn ẹ́ nínú ìwé pé o ṣì í, ṣé wàá gbà? Ó lè má jẹ́ ìyẹn nìkan náà ṣá.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fáwọn tó ń sọ pé Ẹ̀mí nìkan ló ń kọ́ àwọn, tí wọ́n wá ń kó ọmọ ọlọ́mọ jọ sí pálọ̀ lálaalẹ́, tí nọ́ńbà àkáǹtì sì wà nísàlẹ̀ mẹ́sééjì Wásáàpù. Kẹ́ ẹ tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́, ẹ bi wọ́n pé tẹ́nikẹ́ni ò bá nílò olùkọ́, kí ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ yẹn?