Àrùn rírọ ọ̀pẹ̀yìnbó: èèrà ni kí ẹ kọ́kọ́ wá

Bí ọ̀pẹ̀yìnbó bá ń rọ lóko, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn ni pé omi ló ń wá. Wọ́n á bu omi sí i títí, kò ní yí padà. Ewé tó le ṣánṣán tẹ́lẹ̀ á máa pọ́n, etí rẹ̀ á ká wálẹ̀, ṣóńṣó rẹ̀ á gbẹ. Ẹ di ìdí irú rẹ̀ mú kí ẹ fà á: wẹ́rẹ́ ló máa tu. Gbòǹgbò ti dẹ́kun dídàgbà, ó ti ń jẹrà, kí ewé tó fi ohunkóhun hàn.

Mealybug wilt ni àwọn onímọ̀ ọ̀gbìn ń pe àrùn yìí. Ní Hawaii ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀, ní ọdún 1910. Mealybug yìí jẹ́ kòkòrò kékeré, ara rẹ̀ rọ̀, ó sì funfun bíi pé wọ́n da ìyẹ̀fun lé e lórí. Ìdí ewé ló máa ń sá pamọ́ sí, níbi tí ewé ti wọnú ara wọn, àti ara gbòǹgbò. Á ki ẹnu bọ ara ọ̀gbìn náà, á máa fa oje, ibẹ̀ ló sì ti ń kó fáírọ́ọ̀sì lọ sára òmíràn.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn olùwádìí fi jiyàn lórí ohun tó ń pa á gan-an: ṣé itọ́ kòkòrò náà ló ní májèlé ni, àbí fáírọ́ọ̀sì? Ìwádìí ní Hawaii wá fi hàn pé àpapọ̀ àwọn méjèèjì ni. Fáírọ́ọ̀sì náà ju oríṣi kan lọ, èyí tí wọ́n fún ní nọ́ńbà 2 ló sì ń fa rírọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá wà lára ọ̀pẹ̀yìnbó tí mealybug kò sì jẹ ẹ́, ọ̀pẹ̀yìnbó náà á máa tutù yọ̀yọ̀. Mealybug tó bá sì jẹ èyí tí kò ní fáírọ́ọ̀sì lára kò lè mú un rọ. Ìyẹn ló ń tan àgbẹ̀ jẹ: á gba ọmọ lára ìyá tó dáa lójú, á fi gbin odindi oko.

Èèrà wá ńkọ́? Kì í jẹ ọ̀pẹ̀yìnbó rárá. Omi dídùn tí mealybug ń yà ló ń wá kiri. Bí èèrà kò bá lá omi náà kúrò, á lẹ̀ mọ́ àwọn kòkòrò náà lára, nǹkan dúdú á hù lé e, ọ̀pọ̀ wọn á sì kú. Èèrà tún máa ń lé àwọn agbọ́n tíntìntín tó ń pa mealybug.

Fáírọ́ọ̀sì náà kò ní oògùn, apakòkòrò tí wọ́n bá sì fọ́n kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ìdí ewé. Èèrà ló ṣeé mú. Oúnjẹ tí wọ́n po oògùn mọ́ ni wọ́n ń dà sílẹ̀ fún un, pàápàá létí oko, torí ibẹ̀ ló ti ń wọlé. Oògùn tí kò yá pa ló dára jù. Èèrà tó bá kú sójú ọ̀nà kò ní gbé nǹkan kan dé ọ̀dọ̀ ìyá wọn nínú ihò.

Ohun tí wọ́n ń gbìn ló kù. Ọmọ ìdí àti adé orí èso lè gbé àrùn náà dé oko tuntun (ọ̀bẹ kì í gbé e, ẹ fọkàn balẹ̀ lórí ìyẹn). Wọ́n lè ri adé náà sínú omi gbígbóná tó jẹ́ 50 °C fún 30 ìṣẹ́jú: mealybug inú rẹ̀ á kú, fáírọ́ọ̀sì náà á sì dín kù. Kí wọ́n má fi ọwọ́ díwọ̀n ooru yẹn o, tẹmómítà ni kí wọ́n lò, torí bí omi bá gbóná jù, wọ́n á bọ ohun tí wọ́n fẹ́ gbìn.

Nígbà mìíràn, èyí tó ti rọ máa ń yọ ewé tuntun láti àárín, á sì dà bíi pé ara rẹ̀ ti yá. Á tiẹ̀ lè so èso, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní tóbi. Ẹ má gba ọmọ lára rẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì ṣì wà níbẹ̀.