Ta ló ní ìdílé kan ṣoṣo ló jẹ oyè Anjou?

"Ìdílé Anjou" báyìí, "ìdílé Anjou" bọ́hùn-ún. Bí wọ́n bá ti dárúkọ Henry Kejì ọba Gẹ̀ẹ́sì, tàbí Charles tó gba ìjọba Sicily lọ́dún 1266, wọ́n á ní ẹbí kan náà ni, wọ́n á sì wọ́ ọ lọ tààrà dé ọ̀dọ̀ Fulk Nerra tó jẹ oyè Anjou, agbègbè kan nílẹ̀ Faransé, ní 987. Ó ti sú mi.

Ti Charles ò tiẹ̀ la àríyànjiyàn lọ. Philip Augustus ọba Faransé ti gba Anjou lọ́wọ́ John ọmọ Henry ní nǹkan bí 1204. Lọ́dún 1246, Louis Kẹsàn-án gbé e fún Charles àbúrò rẹ̀. Ẹ̀bùn ọba ni, kì í ṣe ogún.

Ní ti Henry, 1060 gan-an ni wàhálà. Ọdún yẹn ni Geoffrey Martel ọmọ Fulk Nerra kú láìbímọ. Oyè wá bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ Ermengarde arábìnrin rẹ̀: Geoffrey Onírùngbọ̀n kọ́kọ́ jẹ, kí Fulk Réchin àbúrò rẹ̀ tó gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́, tó sì tì í mọ́lé lọ́dún 1068. Ará Gâtinais, agbègbè mìíràn nílẹ̀ Faransé, ni bàbá wọn. Wọ́n á ní ẹ̀jẹ̀ ìyá náà ẹ̀jẹ̀ ni. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu Fulk. Nínú ìtàn ìran rẹ̀ tó kọ lọ́dún 1096, àtìbẹ̀rẹ̀ ló ti sọ pé ọmọ Geoffrey ará Château-Landon ní Gâtinais lòun, pé Ermengarde ọmọ Fulk ló bí òun. Ó mọ ibi tí wọ́n ti so okùn náà pọ̀. Ó tún ní òun ò lè ròyìn àwọn tó kọ́kọ́ jẹ bó ṣe yẹ, torí wọ́n ti pẹ́ débi pé òun ò mọ ibi tí wọ́n sin wọ́n sí.

Ẹni tó wà lórí oyè ò mọ sàréè wọn o! Àmọ́ John, mọ́ńkì Marmoutier tó kọ tirẹ̀ láyé Henry Kejì, mọ gbogbo ẹ̀: bí Ingelger, ẹni àkọ́kọ́ nínú ìran náà, ṣe bá olùfisùn jà nítorí ìyá ìsàmì rẹ̀ tí wọ́n ní ó pa ọkọ. Ibo lobìnrin náà wà? Gâtinais. Bóyá ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni.

N ò ní wọn ò tan rárá. Blanche ìyá Charles, ọmọ-ọmọ Henry Kejì ni. Tẹ́ ẹ bá ń ka ti ìyá, ẹ lè pè wọ́n ní ẹbí, àmọ́ kò ní í ku ọba kan nílẹ̀ Yúróòpù tí kò ní bá wọn tan. Ẹ ṣáà ṣọ́ra fún àwòrán ìran orí íntánẹ́ẹ̀tì tó fa ìlà kan ṣoṣo láti Ingelger dé René, ọ̀kan lára àwọn tó jẹ oyè Anjou lẹ́yìn wọn, tó kú ní 1480. Bí kò bá já ní 1060 tàbí ní 1246, ẹni tó yà á ló so ó.