Ìsoríkọ́ kì í ṣe àìtó sójà ara

Ọkọ̀ Oǹdó tí mo wọ̀ ní Àkúrẹ́ kò tíì kún tí ọlọ́jà oògùn fi wọlé. Ẹ mọ irú wọn. Ó kọ́kọ́ gbàdúrà fún wa, a ṣe àmín, ó wá fa ìgò aláwọ̀ ewé kan yọ. Imúnì búsítà ni, oògùn tí wọ́n ní ó ń fún sójà ara, ìyẹn àwọn tó ń bá àrùn jà nínú ẹ̀jẹ̀ wa, lágbára. Ó ní ó ń lé ibà, ó ń lé jẹ̀díjẹ̀dí, ó sì ń lé ìrònú. "Ẹni tó ń sorí kọ́, tí kò rí oorun sùn, sójà ara rẹ̀ ló ti rẹ̀. Ẹ fún wọn lágbára!" Màmá tó jókòó tì mí ra ìgò méjì. Àbúrò rẹ̀ ní Oǹdó ló fẹ́ gbé e fún, télọ̀ tó ti ti ṣọ́ọ̀bù pa láti ìgbà Àjíǹde, tí kì í fẹ́ jẹun, tí kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí wíńdò.

Nọ́ọ̀sì ni mí, ẹnu sì ń yún mi.

Ohun tó ká mi lára ni pé òótọ́ díẹ̀ wà nínú irọ́ ọkùnrin yẹn. Sójà ara lọ́wọ́ sí ìsoríkọ́ àwọn kan lóòótọ́. Ibi tó ti ṣì í ni pé ó ní ó ti rẹ̀ wọ́n. Nínú ara àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn, àṣejù ni sójà ń ṣe. Ogun parí, wọn kò padà sílé.

Mo bi màmá pé nígbà tí ibà mú wọn kẹ́yìn, báwo ló ṣe rí. Wọ́n ní ṣe ni àwọn faṣọ borí, iyán tí wọ́n gbé wá kò wu àwọn, ariwo àwọn ọmọ-ọmọ sì ń bí àwọn nínú. "Àwọn ọmọ tí mo fẹ́ràn bí ojú!" Kòkòrò ibà nìkan kọ́ ló ṣe ìyẹn. Bí sójà ara bá pàdé ọ̀tá, wọ́n máa ń tú èròjà tí wọ́n ń pè ní sáítókáìnì sínú ẹ̀jẹ̀. Ìránṣẹ́ ni. Ó ń gba inú ẹ̀jẹ̀ àti ojú ọ̀nà iṣan kan tó ti inú ikùn gòkè lọ jíṣẹ́ fún ọpọlọ: dùbúlẹ̀, fi oúnjẹ sílẹ̀, má bá ẹnikẹ́ni ṣeré, tọ́jú agbára fún ìjà. Ní 1988, Benjamin Hart, onímọ̀ nípa ẹranko ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ pé ọgbọ́n ni ara ẹranko tó ń ṣàìsàn ń dá bó bá ká jọ sójú kan. Ẹni tó bá sin ewúrẹ́ rí ti mọ̀ ọ́n: èyí tí ara rẹ̀ kò yá, ẹ̀yìn ilé ló ń lọ dá dùbúlẹ̀ sí.

Ẹ wá fi wé ti télọ̀ yìí. Àìjẹun, àìfẹ́ rí èèyàn, ara wíwúwo. Ti ibà ń lọ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ti ìsoríkọ́ ń bá èèyàn gbélé.

Ara abẹ́rẹ́ ni ẹ̀rí tó dá mi lójú jù ti wá. Kí oògùn oníhóró tó wà lóde báyìí tó dé, interferon ni wọ́n ń gún fún àwọn tó ní àrùn mẹ́dọ̀wú C. Ọ̀kan lára ìránṣẹ́ sójà ara ni interferon, wọ́n kàn ṣe é ní ilé iṣẹ́ ni. Láàárín oṣù díẹ̀, bí ẹnì kan nínú mẹ́rin wọn á sorí kọ́, àwọn tí ń rẹ́rìn-ín kí wọ́n tó gún wọn. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2001, ogójì èèyàn tó ní jẹjẹrẹ awọ ara ló fẹ́ gba interferon. Wọ́n ti fún ìdajì wọn ní paroxetine, oògùn ìsoríkọ́, láti ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, wọ́n sì fún ìdajì yòókù ní hóró tí kò ní oògùn nínú. Nínú àwọn oníhóró òfìfo, ìdá 45 nínú 100 ló sorí kọ́. Nínú àwọn tó lo oògùn, 11 péré ni. Èyí ni mo fi ń dá àwọn tó ń pe aláìsàn ní ọ̀lẹ lóhùn, àti àwọn tó ń wá àjẹ́. Àjẹ́ wo ló wà nínú sírínjì?

Ṣùgbọ́n n kò ní tìtorí èyí sọ pé ti gbogbo èèyàn ni. Ẹ̀dọ̀ ń ṣe èròjà kan tó ń jẹ́ CRP, tó máa ń pọ̀ sí i bí sójà bá ń jà. Nínú àwọn tó sorí kọ́, bí ìdámẹ́rin ni tiwọn ju 3 mg lọ nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan. Ti àwọn yòókù kò tó bẹ́ẹ̀. Ní 2013, wọ́n ròyìn ìdánwò kan láti Atlanta: ọgọ́ta èèyàn tí oògùn ìsoríkọ́ kò ràn, tí wọ́n fún àwọn kan nínú wọn ní infliximab, oògùn tó ń pa ọ̀kan nínú àwọn ìránṣẹ́ yìí lẹ́nu mọ́. Nígbà tí wọ́n kó gbogbo wọn pọ̀, kò sàn ju omi òfìfo lọ. Àwọn tí CRP wọn ju 5 lọ nìkan ló jọ pé ó ràn. Àti pé ọ̀rọ̀ yìí ń lọ ó ń bọ̀: ìyà tó jẹni ní kékeré, àìsùn, ọ̀rá ikùn, àwọn náà ń ru sójà sókè.

Ẹ má torí ẹ̀ sáré lọ yẹ CRP wò o. Ní Àkúrẹ́ níbí, ibà lásán tó láti gbé e sókè. Ẹ má sì máa gbé ibuprofen, oògùn ìrora tó ń dẹ sójà lọ́wọ́, mì lójoojúmọ́ fúnra yín; ọgbẹ́ inú ló ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Bó bá wá jẹ́ pé àṣejù ni sójà ń ṣe, ta ló ń tún ìbọn kó fún wọn? N kò tiẹ̀ gbà pé ìgò yẹn lè fún nǹkankan lágbára. Mo ṣí i, òórùn ọtí ló kọ́kọ́ kọ lù mí, ọtí sì ń dá kún ìsoríkọ́ ni. Mo yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, n kò rí nọ́ńbà NAFDAC kankan.

A ti kọjá Bọ́lọ́rundúró kí màmá tó sọ ohun tó wà lọ́kàn wọn. "Nọ́ọ̀sì, bí mo bá mú un lọ sí Oda Road, ṣé wọn ò ní pè é ní wèrè?" Ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Àkúrẹ́ ni wọ́n ń sọ. Mo ní àwọn tó ń lọ síbẹ̀ ń ti ibẹ̀ padà síbi iṣẹ́, bí Àkúrẹ́ bá sì jìn, ilé ìwòsàn yunifásítì wà ní Oǹdó. Kí wọ́n ní kí dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ àti tárọ́ìdì rẹ̀ wò, torí àìtó ẹ̀jẹ̀ àti àìsàn tárọ́ìdì, tó wà lọ́rùn, náà máa ń fara jọ ọ́. Bó bá sì mẹ́nu ba ikú, kí wọ́n má dúró di ọ̀la.

Wọ́n ní owó ni àwọn fi ra ìgò méjèèjì, àwọn ò lè dà á nù. Mo ní kí wọ́n gbé e dání lọ fi han dókítà. Nígbà tí wọ́n sọ̀ ní Oǹdó, ìgò ń kan ìgò nínú báàgì wọn, fóònù ti wà létí. "Wàhálà kankan kọ́. Mo ní, o ti jẹun?"