Aṣọ ìmòòkùn fún òkun tó lọ́ wọ́ọ́wọ́

Aṣọ ìmòòkùn ni aṣọ tí òmùwẹ̀ tó gbé àgbá afẹ́fẹ́ sẹ́yìn ń wọ̀ lọ sábẹ́ òkun, kí òtútù má baà mú un, kí oòrùn má baà jó o, kí ohun abẹ̀mí inú omi má sì ta á. Ní àwọn òkun ilẹ̀ olóoru, ọ̀pọ̀ ló gbà pé ṣòkòtò ìwẹ̀ ti tó, torí pé omi ibẹ̀ kò tutù lọ́wọ́. Ọwọ́ kọ́ ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Ara ènìyàn wà ní nǹkan bí 37°C, omi sì ń fa ooru lára ní ìlọ́po 20 sí 25 ju bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fà á lọ. Omi 28°C tó tuni lára nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ ọ́ yóò máa fa ooru ara lọ díẹ̀díẹ̀, títí gbígbọ̀n yóò fi bẹ̀rẹ̀.

Erékùṣù Bonaire nínú Òkun Kàríbíánì, tó jẹ́ ti ìjọba Netherlands, jẹ́ àpẹẹrẹ tó dára. Láàárín 26°C àti 29°C ni omi rẹ̀ sábà máa ń wà jálẹ̀ ọdún. Etíkun ni àwọn òmùwẹ̀ ti ń wọ inú omi níbẹ̀: òkúta tí a kùn ní àwọ̀ ìyeyè lẹ́bàá ọ̀nà ló ń tọ́ka sí ibi tí ènìyàn lè gbà wọlé. Nítorí pé kò sí ọkọ̀ ojú omi tí a ń dúró dè, ẹnì kan lè mòòkùn lẹ́ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn. Ooru tí ara pàdánù láàárọ̀ lè má tíì padà tán kí ènìyàn tó tún wọ omi lọ́sàn-án, atẹ́gùn tó ń fẹ́ lérékùṣù náà a sì tún máa mú òtútù bá ẹni tí aṣọ rẹ̀ tutù. Nítorí náà, iye ìgbà tí ènìyàn fẹ́ mòòkùn àti bí yóò ṣe pẹ́ tó nísàlẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ rò kó tó mú aṣọ. Fún ẹni tó fẹ́ lọ lẹ́ẹ̀kan péré, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lè tó. Ẹni tó fẹ́ lo odindi ọ̀sẹ̀ yóò nílò rọ́bà tó nípọn tó mìlímítà 3. Fún ọmọdé tàbí ẹni tí kò lẹ́ran lára, mìlímítà 5 kì í ṣe àṣejù.

Rọ́bà yìí ni neoprene, tí ilé-iṣẹ́ DuPont ṣe jáde ní 1930. Hugh Bradner, onímọ̀ físíìsì ní Yunifásítì Kalifọ́níà ní Berkeley, ló ronú kàn án níbẹ̀rẹ̀ ọdún 1950 pé kò pọn dandan kí òmùwẹ̀ gbẹ kí ara rẹ̀ tó lè móoru. Afẹ́fẹ́ tó há sínú àwọn ihò wíńníwínní inú rọ́bà náà ló ń dí ooru mọ́ra, bí omi tilẹ̀ wọ inú aṣọ díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí aṣọ fi gbọ́dọ̀ fún mọ́ni: bí ó bá fẹ̀, omi tútù yóò máa gba ọrùn àti ẹ̀yìn wọlé ní gbogbo ìgbà, kò sì sí bí rọ́bà ṣe lè nípọn tó tí yóò lè gbà ọ́. Nígbà tí a bá dé mítà 10, ìfúnpá di ìlọ́po méjì ti orí omi. Ní mítà 30 ó di ìlọ́po mẹ́rin. Àwọn ihò náà a sún kì, aṣọ a fẹ́lẹ́ sí i, agbára rẹ̀ láti dènà òtútù a sì dínkù níbi tí a ti nílò rẹ̀ jù.

Ìgbà tí òtútù mú ènìyàn náà tún ṣe pàtàkì. Ìwádìí Ọmọ-ogun Ojú Omi Amẹ́ríkà tó jáde ní 2007 fi hàn pé àwọn tí ara wọn móoru nísàlẹ̀, tí òtútù wá mú nígbà tí wọ́n ń gòkè bọ̀, ni àìsàn tí gáàsì inú ara ń fà fún òmùwẹ̀ máa ń ṣe jù. Ìparí ìmòòkùn ni kí a fi díwọ̀n aṣọ.

Aṣọ lycra, ìyẹn aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń nà tó sì ń lẹ̀ mọ́ ara, kì í mú ara móoru tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ iṣẹ́ mìíràn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń dènà oòrùn, ó sì ń gbani lọ́wọ́ Millepora, irú ìyùn kan (ohun alààyè abẹ́ òkun tó le bí òkúta) tó ń jóni lára bí iná. Ní àríwá Queensland ní Ọsirélíà, níbi tí Chironex fleckeri, jellyfish olóró (ẹ̀dá òkun tí ara rẹ̀ rọ̀), ti máa ń pọ̀ láti nǹkan bí Oṣù Kọkànlá dé Oṣù Karùn-ún, irú aṣọ yìí tó bo ara láti ọrùn dé ẹsẹ̀ ló ń dáàbò bo ẹ̀mí ènìyàn. Ó tún ń dín ìpara oòrùn tí a ń kó wọ òkun kù. Orílẹ̀-èdè Palau fòfin de àwọn ìpara tó ní oxybenzone, èròjà tó ń dènà oòrùn, ní 2020, Hawaii sì fòfin de títà wọn ní 2021, nítorí ewu tí wọ́n lè ṣe fún ìyùn.

Ìbọ̀wọ́ ni nǹkan kan tí a kì í gbà láàyè ní Bonaire. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ a máa di ìyùn mú láìbẹ̀rù, ìyùn sì jẹ́ ohun alààyè tó lè kú tí a bá ń fọwọ́ kàn án.

Olóoru lórí àwòrán ayé kì í ṣe ìgbà gbogbo ló máa ń lọ́ wọ́ọ́wọ́. Orí ìlà agbedeméjì ayé ni Galápagos wà, síbẹ̀ ìṣàn omi tútù ń dé ibẹ̀ tó fi jẹ́ pé mìlímítà 5 tàbí 7 ni òmùwẹ̀ sábà máa ń wọ̀. Nínú Òkun Guinea náà, láti Oṣù Keje sí Oṣù Kẹsàn-án, omi tútù máa ń rú sókè láti ìsàlẹ̀ ní etíkun Côte d'Ivoire àti Gánà, títí dé ti Tógò àti Benin. Omi òkè tó máa ń wà ní 27°C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè wálẹ̀ ju 25°C lọ. Aṣọ tó bá oṣù kẹrin mu lè má bá oṣù kẹjọ mu.

Rọ́bà máa ń léfòó, nítorí náà ẹni tó bá pààrọ̀ lycra sí neoprene gbọ́dọ̀ fi òjé kún bẹ́líìtì rẹ̀. Ó yẹ kó dán an wò nígbà tí afẹ́fẹ́ inú àgbá fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, torí àgbá alumíníọ́ọ̀mù náà a máa léfòó nígbà yẹn. Bí kò bá lè dúró jẹ́ẹ́ ní mítà 5, òjé rẹ̀ kò tó.