Ìbò Omi ní California: Gbèsè Ni Wọ́n Ní Kẹ́ Ẹ Fọwọ́ Sí

Àwọn èèyàn wa tó ti gba ìwé ọmọ ìlú ní California máa ń bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, bọ́ǹdì owó omi ni wọ́n kọ sínú ìwé ìdìbò, ṣé ká dìbò bẹ́ẹ̀ ni?" Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mò ń ṣe, ibi tí mo sì ti máa ń bẹ̀rẹ̀ rèé: bọ́ǹdì kì í ṣe owó tó wà nílẹ̀. Ẹ̀yáwó ni. Ìpínlẹ̀ á ta ìwé gbèsè fún àwọn olówó, á gbowó wọn, á wá máa san án padà tòun tèlé látinú àpò kan náà tí owó ilé ìwé ti ń jáde.

Ẹ wo Proposition 3, àbá bọ́ǹdì omi tí wọ́n gbé síwájú àwọn olùdìbò ní oṣù kọkànlá ọdún 2018. Bílíọ̀nù 8.9 dọ́là ni wọ́n fẹ́ yá. LAO, ọ́fíìsì tó ń bá ilé aṣòfin wọn ṣe ìṣirò, ní èlé rẹ̀ á tó bílíọ̀nù 8.4. Ìyẹn nǹkan bíi mílíọ̀nù 430 lọ́dọọdún, fún 40 ọdún.

Mi ò torí ìyẹn ní kẹ́ ẹ kọ̀ ọ́ o. Nígbà ọ̀dá ọdún 2014, kànga gbẹ ní East Porterville, ìlú kékeré kan ní California. Omi inú ike làwọn èèyàn ń mu, táǹkì tí wọ́n gbé síwájú ilé ni wọ́n fi ń wẹ̀. Páìpù tó máa pẹ́ nílẹ̀, ó tọ́ kí àwọn ọmọ tó máa mu nínú rẹ̀ bá wa dá sí i.

Ohun tó ń dùn mí ni kí wọ́n fi orúkọ omi mímu gbé ẹrù ẹlòmíì wọlé. Nínú Proposition 3 yẹn, mílíọ̀nù 750 dọ́là wà fún Friant Water Authority, àjọ tó ń bójú tó Friant-Kern Canal, ipa omi tí wọ́n gbẹ́, pàápàá fún àtúnṣe rẹ̀. Oko ni omi rẹ̀ ń lọ jù. Omi abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n fà láfàjù ló mú kí ilẹ̀ rì lábẹ́ rẹ̀. Kí ló kan aláwọ̀n ẹja etíkun nínú ẹ̀? Àwọn olùdìbò kọ̀ ọ́, àmọ́ díẹ̀ báyìí ló kù kó wọlé.

Kó wọlé gan-an, ìyẹn ò ní kómi dé. Proposition 1, bọ́ǹdì omi míì, wọlé lọ́dún 2014, bílíọ̀nù 7.5 dọ́là, bílíọ̀nù 2.7 nínú rẹ̀ fún ibi ìkómipamọ́. Títí ọdún 2024 fi parí, wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Sites Reservoir, ọ̀kan lára àwọn ibi ìkómipamọ́ tí wọ́n yan owó náà fún.

Tí ìwé àlàyé ìbò bá dé ilé yín, ẹ ṣí ojú ewé LAO ná, kẹ́ ẹ tó ka ti àwọn tó ń polongo. Ẹ wo iye tí wọ́n máa san lọ́dọọdún, kẹ́ ẹ wá wo àwọn tí wọ́n pín owó náà fún.