Bátànì òwò: ohun tí káàdì alájọ mọ̀ tí kọ̀ǹpútà mi kò mọ̀

Alájọ kan ní Lagere, nílùú Ilé-Ifẹ̀, ni mo kọ́kọ́ kọ ètò owó orí kọ̀ǹpútà fún. Orúkọ oníbàárà àti iye tó ní nílẹ̀, ó parí. Bí ẹnì kan bá dá ẹgbẹ̀rún náírà, ètò náà á rò ó mọ́ ti àtẹ̀yìnwá, á sì pa iye àtijọ́ rẹ́. Kò pẹ́ tí ìyá kan fi dé: òun dá àjọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kò hàn nínú owó òun. Ta la fẹ́ gbà gbọ́? Lórí káàdì bébà, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ojú tirẹ̀. Kọ̀ǹpútà mi ti gbàgbé.

Kí Luca Pacioli, onímọ̀ ìṣirò ará Ítálì, tó ṣàlàyé rẹ̀ sínú ìwé ní 1494 làwọn oníṣòwò Ítálì ti rí ojútùú rẹ̀: owó kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀, ibi tó ti kúrò àti ibi tó bọ́ sí. Iye tó kù kì í ṣe ohun tí à ń kọ pa mọ́, inú àwọn ìlà yẹn la ti ń ṣírò rẹ̀. Bí a bá ṣi nǹkan kọ, a kì í pa á rẹ́, ìlà mìíràn la fi ń dá a padà.

Irú nǹkan báyìí ni bátànì òwò: ojútùú sí ìṣòro tó máa ń tún wáyé nínú òwò, tí ẹni tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà lè tún lò. Kì í ṣe kóòdù àdàkọ o. Bátànì télọ̀ kì í ṣáà ṣe aṣọ. Christopher Alexander, ayàwòrán ilé, àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ló to bátànì ilé àti ìlú jọ sínú ìwé ní 1977; àwọn akọ̀wé-kóòdù yá èrò náà lò. Bátànì 23 tí ìwé Design Patterns sọ di gbajúmọ̀ láti 1994 ń sọ̀rọ̀ bí a ṣe ń to inú kóòdù. Tòwò ń sọ̀rọ̀ ọjà.

Ẹ wo ẹni tó ń ra kòkó. Bàbá kan ń tà fún un, ó ti gba àsansílẹ̀ lórí ti ọdún tó ń bọ̀, ọkọ̀ rẹ̀ náà ló sì ń kó ẹrù. Bí a bá kọ orúkọ bàbá yìí sí ìwé mẹ́ta, lọ́jọ́ tó bá pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù, ìwé méjì á máa purọ́. Bátànì tibí ni pé ká kọ èèyàn lẹ́ẹ̀kan, ká wá kọ ipò tó ń kó sọ́tọ̀. Ilé ìwòsàn nílò rẹ̀, iléèwé náà nílò rẹ̀. Ìyá alákàrà kò nílò rẹ̀, ẹ má fi yọ ọ́ lẹ́nu.

Mo tún ètò alájọ náà kọ. Owó ọjọ́ kan tí alájọ máa ń mú lóṣù, tí mo ti kọ òfin gbọọrọ lé lórí tẹ́lẹ̀, wá di ìlà kan péré: ó kúrò lábẹ́ oníbàárà, ó bọ́ sábẹ́ alájọ.