Bí Ìwà Mẹ́rin Àwọn Lakota Ṣe Ń Ṣiṣẹ́ Nínú Ẹbí àti Láwùjọ

Láàárín àwọn Lakota, ọ̀kan lára àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, ẹni tó bá kó ọrọ̀ jọ sílé tí kò fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀, kò níyì. Láyé àtijọ́, olórí tí gbogbo ibùdó ń bọ̀wọ̀ fún lè jẹ́ ẹni tí ẹṣin rẹ̀ kò tó nǹkan, nítorí pé ó ti fa ẹṣin lé opó, arúgbó àti aláìní lọ́wọ́. Wọn ò kórìíra ohun ìní o. Wọ́n fẹ́ràn ẹṣin tó yára àti awọ ẹfọ̀n tó dára bí ẹnikẹ́ni ṣe lè fẹ́ràn wọn. Àmọ́ wọ́n ti to ayé wọn débi pé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń fúnni ni iyì ń lọ.

Àwọn Lakota ni ìhà ìwọ̀-oòrùn nínú àwọn ènìyàn tí òyìnbó ń pè ní Sioux. Ẹ̀yà méje ni wọ́n pín sí, Oglala, Sicangu àti Hunkpapa sì wà lára wọn. Orí pápá tó tẹ́ lọ rẹrẹ láàárín gbùngbùn Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ń dọdẹ ẹfọ̀n. Lónìí, ọ̀pọ̀ wọn wà lórí ilẹ̀ tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún wọn ní South Dakota àti North Dakota: Pine Ridge, Rosebud, Standing Rock àti àwọn mìíràn.

Ìwà mẹ́rin ni wọ́n fi ń wo ènìyàn: woohitika, ìyẹn ìgboyà; wowacintanka, ìfaradà; wacantognaka, ìlawọ́; àti woksape, ọgbọ́n. Bí ènìyàn bá kà wọ́n báyìí, wọ́n lè dà bí ìmọ̀ràn tí gbogbo ayé ti gbọ́ rí. Ibi tí agbára wọn wà ni pé wọn ò fi wọ́n sílẹ̀ fún ẹnìkan ṣoṣo láti máa dá gbìyànjú; inú ẹbí ni wọ́n gbé e sí.

Tiospaye ni wọ́n ń pe agboolé wọn. Níbẹ̀, bàbá ni ọmọ ń pe arákùnrin bàbá rẹ̀, ìyá ló sì ń pe arábìnrin ìyá rẹ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ ni gbogbo wọn. Kí ẹnìkan tó sọ ohun tó fẹ́, ó ti kọ́kọ́ fi orúkọ ìbátan ki ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, orúkọ yẹn sì ti gbé ojúṣe lé àwọn méjèèjì lórí. Àna ọkùnrin kì í bá ìyá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ lójúkojú. Ọ̀wọ̀ ńlá ni. Àjèjì pàápàá kì í pẹ́ di ará ilé, nítorí ayẹyẹ kan wà tí wọ́n ń pè ní hunka, èyí tí wọ́n fi ń sọ ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìyá di ọmọ ìyá. Ella Deloria, ọmọ Dakota (ẹ̀yà Sioux mìíràn tó bá Lakota tan) tó lo ọ̀pọ̀ ọdún láti kọ àṣà àwọn ènìyàn rẹ̀ sílẹ̀, ṣàlàyé pé gbogbo ohun tí wọ́n ń lépa láyé kò ju pé kí ènìyàn jẹ́ ìbátan rere lọ.

Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìlawọ́ ló hàn sójú jù. Bí ènìyàn bá kú, ẹbí rẹ̀ yóò lo nǹkan bí ọdún kan láti kó ẹrù jọ. Wọn yóò rán kúbùsù oníràwọ̀: àìmọye ègé aṣọ kéékèèké ni wọ́n ń tò mọ́ra wọn, tí wọ́n ń rán pọ̀ di ìràwọ̀ ńlá kan tó ní ṣóńṣó mẹ́jọ. Wọn yóò ra táwẹ́ẹ̀lì, ìkòkò àti abọ́. Nígbà tí ọjọ́ bá pé, wọn yóò se ọbẹ̀ ẹran fún gbogbo èrò, alága ìdúró yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn àgbà, àwọn tó dúró ti ẹbí nígbà ọ̀fọ̀ àti àwọn tó ti ọ̀nà jíjìn wá ni kì í gbẹ́yìn. Ẹni tí wọ́n bá pè yóò gba ẹ̀bùn rẹ̀, yóò sì bọ àwọn ẹbí lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá mọ òde ìnáwó wa yóò rántí ike àti táwẹ́ẹ̀lì tí olóde ń pín, àmọ́ níbẹ̀, àlejò kò ra aṣọ ẹbí, ilé olóde sì lè fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo tán kí ilẹ̀ tó ṣú.

Bí ètò náà ṣe ń yí nìyẹn. Ẹni tó gbà lónìí, òun náà ni yóò fúnni nígbà tó bá kàn án. Ẹrù kì í pẹ́ lójú kan, ẹni tó ṣubú kì í dé ilẹ̀ pátápátá. Nígbà tí Sitting Bull, àgbà Hunkpapa, bá ẹgbẹ́ òṣèré òyìnbó kan tó ń jẹ́ Buffalo Bill rìn kiri ní 1885, ó ń pín owó rẹ̀ fún àwọn ọmọ tálákà tó ń rí lójú pópó. Ohun tó kọ́ láti kékeré ló ń ṣe.

Ìjọba Amẹ́ríkà rí i pé ìlawọ́ yìí ló so àwọn ènìyàn náà pọ̀, wọ́n sì gbógun tì í. Òfin 1883 sọ pípín ẹrù níbi ọ̀fọ̀ di ẹ̀ṣẹ̀, ó sọ ijó oòrùn, ayẹyẹ ẹ̀sìn ńlá wọn, náà di ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó bá dán an wò, wọ́n lè dá oúnjẹ rẹ̀ dúró tàbí kí wọ́n tì í mọ́lé. Ìwà ìkà ni, kò sì lórúkọ mìíràn. Ó di 1978 kí òfin tó dáàbò bo ẹ̀sìn àti àṣà wọn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún láàárín ìgbà yẹn, wọ́n ń ṣe é ní kọ̀rọ̀.

Ìfaradà tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀ náà ní ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ. Nínú inipi, ahéré róbótó tí wọ́n fi igi wílò tí wọ́n tẹ̀ kọ́, òkúta gbígbóná ni wọ́n ń da omi lé nínú òkùnkùn. Wọn yóò ṣí ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Bí ooru ṣe ń mú wọn tó, ọ̀pọ̀ àdúrà ibẹ̀ jẹ́ ti aláìsàn àti ti ẹbí. Ìfaradà yìí kan náà la rí nínú ọ̀rọ̀ Òkè Dúdú, He Sapa (Black Hills ní South Dakota). Àdéhùn tí wọ́n bá ìjọba Amẹ́ríkà ṣe ní 1868 fi òkè náà sílẹ̀ fún wọn; wọ́n rí wúrà níbẹ̀ ní 1874, ìjọba sì gbà á ní 1877. Ní 1980, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní kí wọ́n san owó tó lé ní ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù dọ́là. Àwọn ẹ̀yà náà kọ̀ ọ́, nítorí ilẹ̀ ni wọ́n ń béèrè. Owó náà pẹ̀lú èlé rẹ̀ ti lé ní bílíọ̀nù kan báyìí, bẹ́ẹ̀ Pine Ridge wà lára àwọn ibi tí òṣì ti pọ̀ jù ní Amẹ́ríkà.

Ìgboyà tiwọn sún mọ́ èyí. Lójú ogun, ẹni tó fi ọ̀pá lásán kan ọ̀tá tó wà láàyè níyì ju ẹni tó ta á lọ́fà láti òkèèrè lọ. Ọgbọ́n ló máa ń dé gbẹ̀yìn, kò sì sí ayẹyẹ tó lè fi fúnni. Ẹ̀gbẹ́ àwọn àgbà ni ọmọdé ti ń gbọ́ ọ.

Nínú ilé, àwọn nǹkan kéékèèké ló ń gbé gbogbo èyí ró. Wọ́n ń bu oúnjẹ díẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn tó ti lọ kí ẹnikẹ́ni tó jẹun. Ọmọ ló ń gbé abọ́ lọ bá àgbà, àgbà kì í tò sórí ìlà. Ẹni tó bá fẹ́ béèrè ìmọ̀ràn lọ́wọ́ àgbà yóò mú tábà dání. Bí ọmọkùnrin bá sì pa ẹran àkọ́pa rẹ̀, wọn yóò gbé e fún àwọn arúgbó lójú rẹ̀, ìyá àti bàbá rẹ̀ yóò sì yìn ín ní gbangba.